Kì Í Ṣe Ọ̀nà Ìbàdàn Ló Ń Pa Ṣọ́ọ̀kì Aláfẹ́fẹ́

Gbólóhùn kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwa mẹkáníìkì ní àárín ìlú Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà Ọba, láti Bẹ́yẹrúnká dé ẹ̀yìn Mápó: "Ṣọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́ ò bá ọ̀nà wa mu." Kò sí ọ̀gá tí kò tíì sọ ọ́ rí, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ ọ kó tó gba fírídọ́ọ̀mù. Bí Mercedes S-Class tàbí Range Rover bá ti wọlé tó kúnlẹ̀ níwájú bíi ràkúnmí tí wọ́n fẹ́ dì lẹ́rù, gbólóhùn yẹn ló máa ń ṣáájú. Èyí tó ń tẹ̀ lé e ni, "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò, ká fi sípíríǹgì sí i." Ẹni tó ni ọkọ̀ á mi orí, nítorí kò mọ ohun tí ì bá fi jiyàn, owó sípíríǹgì sì rọrùn létí ju owó ṣọ́ọ̀kì tuntun lọ. Mo ti pẹ́ tó nídìí iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti gbé gbólóhùn yìí yẹ̀ wò tinú-tẹ̀yìn, ibi tí mo sì bá a dé ni pé kì í ṣe òótọ́. Ọ̀nà wa ní ẹ̀bi tirẹ̀, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ṣọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́ lọ́wọ́ wa jù lọ ni ìdúró. A máa ń dúró kó kú tán ká tó wá ìtọ́jú fún un.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò bá abẹ́ ọkọ̀ ṣe, nínú ọkọ̀ tí a mọ̀ látilẹ̀, irin tí wọ́n lọ́ yípo, ìyẹn sípíríǹgì, ló ń gbé ara ọkọ̀ dúró, ṣọ́ọ̀kì sì ń dá a lẹ́kun kó má baà máa fò sókè fò sódò. Nínú ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́, àpò rọ́bà tó le, tí wọ́n fi okùn híhun há àárín rẹ̀, ló gba ipò irin yẹn. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fún afẹ́fẹ́ sí i. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nítòsí ẹsẹ̀ ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ara ọkọ̀ ṣe ga sílẹ̀ tó, kọ̀ǹpútà á sì pàṣẹ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún un tàbí kí wọ́n tú díẹ̀ dànù. Ìdí nìyí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń dúró déédéé, yálà awakọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀ tàbí ẹbí kún un pẹ̀lú ẹrù ọdún nínú búùtù. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn irú ọkọ̀ yìí nígbà tó ń gun òkè Mápó lọ́jọ́ Iléyá mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdí ọkọ̀ kì í wọ́lẹ̀, iná iwájú kì í kọjú sí sánmà, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò sì ní mọ̀ pé gálọ́ọ̀pù wà níbẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí ni olówó sanwó fún. Lọ́jọ́ 12 oṣù Keje, 2024, tí wọ́n fi Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn jẹ Olúbàdàn ní Gbọ̀ngàn Mápó, irú àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ńlá ń gùn bọ̀ wá sórí òkè tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn náà láti 1929. Iyì wà nínú ọkọ̀ tó bá dúró ṣánṣán lójú irú agbo bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá sì kúnlẹ̀ níbẹ̀, ojú gbogbo ìlú ló kúnlẹ̀ sí.

Ibi tí ìwà ìdúró yìí ti wá kò ṣòro láti rí. Ọwọ́ Peugeot ni púpọ̀ nínú àwa àgbà iṣẹ́ ti kọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń to Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, kò sì pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ oníṣòwò àti ọkọ̀ akérò lápapọ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ yẹ ṣọ́ọ̀kì 504 wò, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ mọ́gáàdì mọ́lẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ lójijì. Bí ọkọ̀ bá ń fò ṣáá tí kò tètè dúró, ṣọ́ọ̀kì ti lọ nìyẹn. Á tún wo ara ṣọ́ọ̀kì bóyá epo ń sun níbẹ̀. Ìmọ̀ gidi ni, n kò ní í bù ú kù láé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan nínú rẹ̀: ṣọ́ọ̀kì 504 tó ti kú kì í tètè pa ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn. Sípíríǹgì ṣì ń gbé ọkọ̀. Ara á máa ro awakọ̀, táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á ṣì dé Ọ̀yọ́, á padà sílé, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ibẹ̀ ni àti oní-mọ́tò àti mẹkáníìkì ti kọ́ sùúrù tí kò yẹ. "Ó ṣì ń gbé wa" di ìdáhùn sí gbogbo àìsàn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ dé láti òkè òkun, ìdáhùn kan náà la gbé kò ó lójú.

Ìdáhùn yẹn ló ń pa á. Àpò rọ́bà náà kì í ya lójijì ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ibi tó ti ń ká wọ inú ara rẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń lọ sókè sódò ni àgbà ti ń kọ́kọ́ dé bá a. Ooru á mú un gbẹ, eruku ọyẹ́ á wọ inú ìká náà, á sì máa họ ọ́, ojú rọ́bà á wá máa sán wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ á máa jáde lóru nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ̀ á ti kúnlẹ̀ lápá kan. Ẹni tó ni ín á tan ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á hó, ọkọ̀ á dìde, òun náà á sì sọ pé ó ti dára. Kò dára rárá. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe láti máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kó fi ṣiṣẹ́ kó sì dákẹ́. Nígbà tí ihò bá wà, kò ní í dákẹ́ mọ́. Á gbóná, inú rẹ̀ á jẹ, ohun tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ á kún fún ọ̀rinrin, pàápàá lásìkò òjò wa, omi náà á sì bá afẹ́fẹ́ rìn dé ibi tí àwọn fáàfù wà. Rílé tó ń tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè lẹ̀ mọ́ra, kó má lè pa á mọ́ títí tí yóò fi jóná. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ihò tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló jẹ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, tó jẹ rílé, tó tún jẹ fáàfù, ẹni tó ni ọkọ̀ sì rò pé òun ń fi owó pamọ́ ní gbogbo àkókò yẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi báyìí, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọkọ̀ wò á fi orúkọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ hàn lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé mẹkáníìkì tó gbà pé ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá ti sọ ni abẹ gé e á ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mìíràn wá. Ọkọ̀ á dìde fún ìgbà díẹ̀, èyí tuntun náà á sì tún jóná, nítorí ihò ṣì wà níbi tó wà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ léraléra, láti ọwọ́ ọ̀gá kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, kó tó di pé ẹnì kan bu omi ọṣẹ sí ìdí àpò rọ́bà tó rí i pé ó ń hó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà tí owó ti tán lápò oní-mọ́tò tí sùúrù rẹ̀ sì tán pẹ̀lú, ìgbà náà ni gbólóhùn ọ̀nà wa máa ń jáde. Ọ̀nà kò sì lẹ́nu tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun mìíràn wà tó ń fa ìdúró náà gùn, ohun tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ kì í fẹ́ sọ síta. Nínú ọgbà iṣẹ́ wa, mẹkáníìkì ló ni irin, rewáyà ló ni wáyà. Bí a ti pín in nìyẹn láti ayé 504, ìpín náà sì wúlò nígbà náà. Ṣọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́ kò bá ìpín yẹn lọ. Rọ́bà àti irin ni, wáyà àti sẹ́ńsọ̀ náà ni. Mẹkáníìkì á ní ti iná ni, rewáyà á ní ti ẹsẹ̀ ni, ọkọ̀ á wà láàárín àwọn méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa jò. Nígbà míràn, ẹni tó kọ́kọ́ rí i á tú àwọn nǹkan kan sílẹ̀, á gbé e fún ẹnì kejì láìsọ ohun tó ti ṣe. N kò mọ àtúnṣe mìíràn sí èyí ju pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa fọwọ́ kan ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ kọ́ iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, tàbí kí àwọn méjèèjì jókòó ti ọkọ̀ kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà nínú rẹ̀. Irin kì í yí ipò padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ lè tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n 504 ránṣẹ́ sábẹ́ irú ọkọ̀ yìí lórí jáàkì nìkan, ewu tí a kò sọ fún un la rán an sí.

Àwọn kan á sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ọkọ̀ olówó, pé gálọ́ọ̀pù inú ìlú wa tó ohun tó ń fa rọ́bà ya. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà ọ̀hún gan-an. Lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò jákèjádò orílẹ̀-èdè àti ọ̀pọ̀ tirélà ló ń gun orí àpò afẹ́fẹ́. Gálọ́ọ̀pù tí a ń kà sí ẹ̀bi náà ni àwọn náà ń bọ́ sí ní gbogbo ọdún tí títì yẹn fi bàjẹ́, ẹrù tó wà lórí wọn sì wúwo ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé afẹ́fẹ́ ò bá ọ̀nà tirélà mu? Ìdí rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀sì tó bá kúnlẹ̀ kò lè kó èrò, tirélà tó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kò lè ru ẹrù, nítorí náà lọ́jọ́ tí àpò bá ti ń jò ni wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni, rọ́bà kan náà ni, ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan kò dúró.

Ẹ tún jẹ́ ká wo ìlú tí ọ̀nà wọn dára. Ní Amẹ́ríkà, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ń fi afẹ́fẹ́ rìn láti nǹkan bí 1953. Cadillac fi í sára Eldorado Brougham ní 1957, nígbà tó sì di 1958, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ibẹ̀ ló ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ń jò, ọkọ̀ ń kúnlẹ̀ lóru, àwọn tó rà á sì gbé e padà kí wọ́n bá wọn fi sípíríǹgì irin sí i. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ náà pa á tì. Orí títì tó mọ́ tónítóní ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Jámánì kò jáwọ́ ní tiwọn: Mercedes fi í sára ọkọ̀ 600 wọn ní 1963, nígbà tó sì di 1998 wọ́n fi oríṣi tí wọ́n ń pè ní Airmatic sára S-Class tuntun, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ wa ní tòkúnbọ̀. Lọ́hùn-ún náà, rọ́bà S-Class yẹn ń gbó, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà ni rọ́bà. Ọdún àti ooru ló ń jẹ ẹ́, ibi yòówù kó wà. Ọ̀nà wa ń mú ọjọ́ náà yá díẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ń ba àwọn búṣì àti apá tó so ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀ jẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n búṣì yìí ń bàjẹ́ lára ọkọ̀ onísípíríǹgì bákan náà, a kò sì tìtorí rẹ̀ sọ pé ká má lo búṣì mọ́.

Èyí tó wúwo jù nínú àríwísí ni ti owó, n kò sì ní í fojú kékeré wò ó. Títí di ìdajì ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà láti oṣù Kẹfà ọdún yẹn, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà kí 2024 tó parí. Ṣọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń ṣe níbí, iye tó jẹ́ lókè òkun la ń san ká tó fi owó ọkọ̀ ojú omi àti ti aṣọ́bodè lé e. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òtítọ́ tó korò níbẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bọ̀gìnnì bá ti lo ọdún mẹ́wàá sókè, owó tí wọ́n ń tà á á wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì ní bá a wálẹ̀. Ẹni tó ra S-Class tí ó ti dàgbà ní iye tí wọ́n ń ta Corolla rò pé òun rí ọjà ọ̀pọ̀. Iye Corolla ló san, ìtọ́jú S-Class ló sì gbé wálé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ibi tó yẹ kí ìjíròrò owó ti wáyé ni ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìtan iná, kí wọ́n wá wò ó bóyá ó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ àti ìjókòó aláwọ ni ọ̀pọ̀ ń wò.

Ìdáhùn tí àwọn kan rí sí ọ̀rọ̀ owó ni kí wọ́n lọ ra ṣọ́ọ̀kì tòkúnbọ̀ ní Arárọ̀mí ní Géètì, tàbí kí wọ́n rán ènìyàn dé Ládìípọ̀ ní Èkó. N kò ní ìjà pẹ̀lú ọjà méjèèjì, ibẹ̀ la ti ń rí ọ̀pọ̀ ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ wa rìn. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ dára, gíà tòkúnbọ̀ lè dára. Rọ́bà tòkúnbọ̀ ni n kò lè fọwọ́ sí. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ dàgbà bíi ti tiyín, rọ́bà náà sì ti ń gbó láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, yálà ó wà lójú ọ̀nà tàbí ó wà nínú kọ̀ńténà. Ibi tó ti ká, tí sísán rẹ̀ máa ń pamọ́ sí, kò hàn lórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí oníbàárà lè gbọ́ tàbí rí. Owó ìgbà méjì ni ẹni tó bá rà á sábà máa ń san, owó iṣẹ́ pàápàá sì di ìlọ́po méjì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ti ojúlówó, sàn kó wá èyí tí wọ́n fi rọ́bà tuntun tún ṣe, bó bá ti dá a lójú pé rọ́bà náà tuntun ní tòótọ́.

Sípíríǹgì wá ńkọ́? N kò sọ pé èèwọ̀ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe àkójọ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n dìídì wọ̀n fún irú ọkọ̀ báyìí, tí wọ́n ti ṣírò bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó, tí wọ́n sì pèsè ohun tí yóò tan kọ̀ǹpútà kó má máa figbe ta. Ọkọ̀ tó ti dàgbà, tí ẹni tó ni ín kò lè ná iye tí ojúlówó ń gbà, lè fi irú èyí lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí a sábà ń ṣe níbí. Wọ́n á gé sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn sí ìwọ̀n tó bá ojú mu, wọ́n á fi í sábẹ́ ọkọ̀ tó wúwo jù ú lọ, wọ́n á yọ fúùsì kí iná ìkìlọ̀ má baà tàn, wọ́n á sì sọ fún oní-mọ́tò pé ó ti dára ju ti tẹ́lẹ̀. Kò dára jù. Ọkọ̀ náà á le lójú gálọ́ọ̀pù, á máa fì lójú kọ́nà nígbà tó bá ń sáré, bí wọ́n bá sì kó ẹrù sí i ìdí rẹ̀ á wọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á, ẹni tó rà á kò ní í mọ̀ pé ohun tí òun sanwó fún kò sí níbẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì tó fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò sọ ọ́ jẹ̀bi lójú mi, bí oní-mọ́tò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nítorí náà, n kò bá ẹnikẹ́ni jà pé kó má fi sípíríǹgì sí i. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kí a má fi ọ̀nà ṣe àwáwí, kí ìpinnu náà sì jẹ́ ti ẹni tó ni ọkọ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ òótọ́ pátá: ibi tí ó ń jò, ohun tí ìjò náà ti bàjẹ́, iye tí ojúlówó jẹ́, ohun tí yóò pàdánù bó bá yan irin. Kí ó tún mọ̀ pé bí ti ọ̀tún bá ti gbó, ọmọ ìyá rẹ̀ ni ti òsì, ọdún kan náà ni wọ́n jọ lò. Ẹ̀yin oní-mọ́tò, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín kò pọ̀. Bí ẹ bá jáde láàárọ̀ tí ẹ bá ọkọ̀ yín lórí ìkúnlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí dídìde rẹ̀ tàn yín jẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló sábà máa ń ṣàìsàn, owó àtúnṣe rẹ̀ kò sì ní í kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà.